Sódábì Kí A Tó Yọ Eyín

Ó ti pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ti kú, síbẹ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì ń sọ káàkiri pé ìyá àwọn ló di orí mi mú lọ́jọ́ tí wọ́n yọ eyín mi. Irọ́ ni. Mo wà níbẹ̀, ẹnu mi sì ni.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà náà, nínú ilé wa ní àdúgbò Dowa. Eyín ìsàlẹ̀ kan ti jẹrà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi sì wú bí ẹni tó ki ẹ̀kọ sẹ́nu. Ìdánwò àfẹnusọ láti wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ obìnrin ku ọjọ́ mẹ́ta. Ẹni tí kò lè la ẹnu, Faransé wo ló fẹ́ sọ? Bí mi ò bá sì wọlé lọ́dún náà, ọkọ ti wà nílẹ̀, oníṣòwò aṣọ kan tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti bá sọ̀rọ̀ tán.

Ẹ̀rù abẹ́rẹ́ ń bà mí ju ti eyín lọ. Ọkùnrin tó ń ran dókítà lọ́wọ́ ní ilé ìwòsàn sọ fún mi pé ọ̀nà méjì ló wà. Ó lè gún mi ní erìgì, kí ibẹ̀ kú, kí ojú mi sì là sílẹ̀. Tàbí kó ta omi olóòórùn líle kan sórí òwú, kí n fà á símú títí oorun á fi gbé mi lọ. Mo ní oorun ni mo fẹ́. Ó ní kí n má jẹ, kí n má mu, kí n tó dé láàárọ̀.

Mo sọ èyí fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi lẹ́ẹ̀mejì.

Ṣùgbọ́n nílé àwa Agùdà, ọmọ àwọn tó padà dé láti Bàhíà lókè òkun, ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà kì í jáde láìmu ife kékeré kan sódábì, ọtí líle tí a fi ẹmu ṣe, tí a po ṣúgà mọ́. Ẹni tó ń sìn ín lọ á mu tirẹ̀ pẹ̀lú, kí àyà àwọn méjèèjì lè dọ́gba. Láàárọ̀, ó gbé ife méjì àti àkàrà síwájú mi.

"Ìyá, wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ fi nǹkan kan sẹ́nu."

"Ta ló ń gbé ikùn òfìfo lọ bá ẹni tó mú ẹ̀mú lọ́wọ́? Bàbá mi àgbà mu ọtí kí wọ́n tó wọkọ̀ kúrò ní Bàhíà, wọ́n sì gúnlẹ̀ láyọ̀. Gbé e mì."

Mo gbé e mì, mo jẹ àkàrà méjì. Òun mu tirẹ̀, ó tún bu òmíràn. Ó ní ẹ̀rù tèmi pọ̀.

Ní ilé ìwòsàn, ọkùnrin náà súnmọ́ mi, ó sì dúró.

"Ọmọ yìí, kí lo mu?"

"Sódábì."

"O jẹun?"

"Àkàrà."

Ó dá ìgò omi olóòórùn náà padà sínú àpótí. "Ẹni tó jẹ, tó mu, bí mo bá mú un sùn, èébì lè pa á. Abẹ́rẹ́ ló kù, tàbí kí o padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Ó dáa, ó ń padà bọ̀," ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi wí lẹ́nu ọ̀nà. "Ìdánwò ò sá lọ."

Mo wo ojú rẹ̀. Títí di òní mi ò lè búra pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, mi ò sì lè búra pé kò mọ̀ọ́mọ̀.

Mo ní, "Ẹ gún mi."

Abẹ́rẹ́ náà ta mí bí ìjàlọ méjì, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ètè mi wúwo, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi kú, mo sì ń gbọ́ bí eyín náà ṣe ń ké bí ìṣó tí wọ́n ń fà yọ lára pákó. Mo gbọ́ ọ, kò dùn mí.

Nígbà tí mo jáde, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti na gbalaja sórí bẹ́ǹṣì, ó ń hanrun. Obìnrin kan tó gbọ́mọ pọ̀n bi mí pé, "Ṣé ìyá yìí ni wọ́n yọ eyín fún?"

"Rárá, ìyá. Èmi ni wọ́n yọ eyín fún. Àwọn ló gba oorun."

Lọ́jọ́ kẹta mo la ẹnu níwájú òyìnbó mẹ́ta, mo sọ Faransé títí wọ́n fi ní ó tó, mo sì wọlé. Oníṣòwò aṣọ náà fẹ́ ẹlòmíràn, wọ́n ní inú obìnrin náà dùn. Tèmi náà dùn.