Ọjọ́ Tí Ojú Ìwé Hàjíà Jáde Opó

Òórùn tùràrí ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ènìyàn ní ìsọ̀ Hàjíà ní ọjà Alabar, lókèèrè tí àwa Yorùbá kan ń gbé, kí o tó rí òun fúnra rẹ̀ láàárín ìgò lọ́fíńdà. Èmi ni mo ṣe ojú ìwé tó fi ń tajà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, òórùn náà dáwọ́ dúró, torí obìnrin tó ń ṣe tákàbà, ìyẹn opó àwa Mùsùlùmí, kì í fi lọ́fíńdà sára. Ó ní kí ojú ìwé náà bá òun ṣọ̀fọ̀. Mo bá fi kóòdù, ìyẹn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé, kọ orúkọ mẹ́ta mọ́ gbogbo àwòrán ibẹ̀ lára: àkọ́kọ́ sọ ẹ̀yìn wọn di dúdú, èkejì sọ wọ́n di aláwọ̀ eérú, ẹ̀kẹta ti ìtajà pa. Kíláàsì ni àwa oníṣẹ́ yìí ń pè é. Aṣọ tí a wọ̀ fún àwòrán ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ tí opó náà pé, Hàjíà ti wẹ̀, ó ti pààrọ̀ aṣọ. Àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ ń bọ̀ wá kí i lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ pé kó fi ìsọ̀ náà sílẹ̀, kó máa lọ sílé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó fẹ́ kí wọ́n bá òun lẹ́nu ọjà. Mo ní kí kóòdù máa bọ́ orúkọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ibi tí mo fojú sí, ọ̀nà ò gbabẹ̀. Dúdú lọ, ìtajà ṣí, eérú kò kúrò.

Hàjíà mi orí. "Daabi, rárá o, ọmọ mi. Wọn kì í fi ìlàjì jáde tákàbà. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni mo bọ́ tèmi."

Àṣé bí àkọ́kọ́ ṣe kúrò lórí ìlà ni èkejì sún sí àyè rẹ̀. Kóòdù mi ti kọjá sí àyè kejì, níbi tí ìtajà ti sún dé, ó sì fo eérú. Ojú tì mí díẹ̀. Mo pa á rẹ́, mo dárúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ nínú àṣẹ kan ṣoṣo, wọ́n sì kúrò.

Ìborùn Hàjíà padà di yẹ́lò nínú àwòrán òkè. Létí rẹ̀, apá aṣọ búlúù kan hàn. Ọkọ rẹ̀ ló bá a di àtẹ ìgò mú lọ́jọ́ tí mo ya àwòrán náà. Mo gé e kúrò nígbà náà, ó ṣẹ́ ku apá aṣọ rẹ̀.

"Ṣé kí n gé èyí náà?"

"Fi í sílẹ̀." Ó ṣáná sí tùràrí.

Nígbà tí àwọn àlejò dé, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ bi í pé, "Ìyàwó, ìgbà wo lo ń lọ sílé?"

Hàjíà kọjú fóònù sí i, ó fi ìka kan apá aṣọ náà. "Ẹ bi àbúrò yín. Ó ṣì ń bá mi di àtẹ mú."

Bàbá náà wò ó, ó fi ọ̀rọ̀ ìrìnàjò náà sílẹ̀, ó sì jókòó sẹ́nu ọjà. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá fẹ́ bọ́ kíláàsì, gbogbo wọn ni mo ń dárúkọ pọ̀. Ṣùgbọ́n kí n tó gé àwòrán ẹnikẹ́ni, mo máa ń kọ́kọ́ bi onítọ̀hún pé ta ló dúró létí rẹ̀.