Àga Tíìkì tí Ara-ò-balẹ̀ Kàn fún Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀

Iṣẹ́ àga ni káfíńtà kan ń ṣe jẹun, àmọ́ kò sẹ́ni tó rántí ọjọ́ tó rí òun gan-an lórí àga. Orí ìdúró ló ti ń jẹun, orí ìdúró ló ti ń gbàlejò. Bó bá ń bá ọ sọ̀rọ̀, á máa lọ, á máa bọ̀, títí òòyì á fi kọ́ ọ. Ara-ò-balẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ìyàwó rẹ̀ ní bí òun bá ní ọ̀rọ̀ gidi í bá a sọ, àfi kí òun kọ́kọ́ tilẹ̀kùn.

Ẹnì kan ṣoṣo ló lè pàṣẹ fún un, ìyẹn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Nígbà tí ìyá wọn kú, ẹ̀gbọ́n yìí ló pọ̀n ọ́n dàgbà, òun náà ló fà á lọ́wọ́ lọ kọ́ṣẹ́. Orí àga tí àbúrò yìí kàn fún un ló sì ti ṣubú.

Igi tíìkì ló fi kan àga náà. Ilẹ̀ Éṣíà ni igi yìí ti wá, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń fi í kàn láyé àtijọ́, torí omi kì í tètè rà á, ikán kì í sì í fẹ́ ẹ jẹ. Bó o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fá a, àwọ̀ rẹ̀ kì í dọ́gba, ibí á pupa, ọ̀hún á funfun, àmọ́ tó bá rí oòrùn fúngbà díẹ̀, gbogbo rẹ̀ á pọ́n bí oyin. Ẹwà wà lára rẹ̀, àmọ́ alágídí ni. Nǹkan bíi yanrìn wà nínú rẹ̀ tó ń mú kí ẹnu ìfági kú. Òróró tún wà nínú rẹ̀, òróró yìí ló sì ń bá gọ́ọ̀mù ṣọ̀tá. Bó o bá ti fá igi náà tán, kíá ni kó o fi tínà, omi tí wọ́n fi ń po ọ̀dà, nu oríkèé rẹ̀, kó o sì lẹ̀ ẹ́. Bó o bá jẹ́ kó sùn mọ́jú, òróró á tún ti inú yọ jáde, gọ́ọ̀mù kò sì ní wọlé.

Ara-ò-balẹ̀ mọ gbogbo èyí. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ti wí i títí ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Àmọ́ lọ́jọ́ tó fá igi àga náà tán, ara rẹ̀ kò gbà á. Ó já iṣẹ́ sílẹ̀, ó lọ wo ilẹ̀kùn kan tí wọ́n ní kó wá tún ṣe, láti ibẹ̀ ó tún gba ibòmíràn lọ. Ọjọ́ kejì ló tó fi gọ́ọ̀mù sí i, kò sì nu nǹkan kan. Àga náà rẹwà débi pé àwọn tó ń kọjá lọ ń yà wò ó. Kò pẹ́ tí oríkèé rẹ̀ fi ya, tí ẹ̀gbọ́n fìdí lélẹ̀ gbì! Eegun ìbàdí rẹ̀ yẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n kò bú u. Ìyẹn gan-an ló ń dun Ara-ò-balẹ̀ jù. Ẹ̀gbọ́n kàn ra àga oníike kan, ó sì ń jókòó lórí rẹ̀ jẹ́jẹ́. Bí Ara-ò-balẹ̀ bá wá kí i, tó bá ti fojú kan àga oníike yẹn, ẹnu ọ̀nà ló ń dúró sí. Á ní iṣẹ́ ń dúró de òun, á sì ti lọ kíá!

Nígbà tó yá, wọ́n wó ilé àtijọ́ kan nítòsí, ó sì gbọ́ pé tíìkì ni ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó lọ rù ú wálé. Ó ní òun á kan àga mìíràn, ẹ̀gbọ́n òun á sì jókòó lórí rẹ̀. Bí kò bá jókòó, a jẹ́ pé kò gba òun gbọ́ mọ́ nìyẹn, títí ayé.

Ó wọ ṣọ́ọ̀bù, ó ní kí ìyàwó òun ti òun mọ́bẹ̀, kó mú kọ́kọ́rọ́ lọ.

"Ṣé ó dá yín lójú?" ìyàwó rẹ̀ bi í látìta.

"Máa lọ jàre, kí n tó yí ọkàn pa dà!"

Ó fá igi, ó pọ́n ẹnu ìfági, ó tún fá a. Òórùn igi náà gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù, bí òórùn awọ bàtà àtijọ́. Ó ki àkísà bọ tínà, ó nu oríkèé kọ̀ọ̀kan títí àkísà kò fi pọ́n mọ́. Gọ́ọ̀mù tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀. Ó fi irin fún gbogbo rẹ̀ pọ̀ pinpin, ó wá ku kó dúró dè é. Ìyà dé! Ó gbálẹ̀, ó tún ilẹ̀ tó ti gbá gbá. Ọwọ́ ń yún un láti tú irin yẹn, kó kàn yọjú wò ó bóyá ó ti di. Ó ki ọwọ́ sápò, ó yọ ọ́, ó tún kì í bọ̀ ọ́. Ó gbá ilẹ̀kùn pé kí ìyàwó òun wá ṣí i, ìyàwó dákẹ́ bí ẹni tí kò sí nílé. Inú bí i gidi. Nígbà tí gọ́ọ̀mù gbẹ tán, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀.

Nígbà tó gbé àga dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n, ẹ̀gbọ́n fi ọ̀pá tó fi ń rìn kan ẹsẹ̀ àga náà, kọ́, kọ́.

"Ó dáa lójú," ó ní. "Ti àkọ́kọ́ náà dáa lójú."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Mo nu ún. Mo fún un pọ̀. Mo dúró tì í títí ó fi gbẹ."

"Ìwọ? O dúró ti nǹkan?"

"Ẹ bi ìyàwó mi."

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wá na ọ̀pá sí àga. "Ìwọ kọ́kọ́ jókòó ná. Má sì dìde títí n ó fi se oúnjẹ tán. O kì í jókòó lórí nǹkan tó o bá kàn, báwo lo ṣe fẹ́ kí n gbà ọ́ gbọ́?"

Ara-ò-balẹ̀ jókòó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń yídìí síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹni tí ìjàlọ wọ̀ láṣọ. Àga náà kò dún. Kò rí nǹkan kan ṣe ju kó máa wò lọ, ó bá ń wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bó ṣe ń lọ sílé ìdáná. Ẹ̀gbọ́n di ògiri mú. Ó dúró, ó mí. Ó tún di ògiri mú níwájú díẹ̀. Gbogbo ibi tó ń dì mú ni ọ̀dà ti ṣí, tí ọwọ́ ti sọ dúdú, láti ìdí àga oníike títí dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Látọjọ́ tí Ara-ò-balẹ̀ ti ń wá síbẹ̀, kò rí i rí, torí kò wọlé débẹ̀ rí. Omi lé ròrò sí i lójú. Ó fẹ́ fò dìde lọ ràn án lọ́wọ́.

"Mo ní o ò gbọdọ̀ dìde!" ẹ̀gbọ́n pariwo láti inú lọ́hùn-ún.

Ó jókòó pa dà. Òun gan-an kò mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dákẹ́.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n pa dà wá, ó dúró, ó wò ó dáadáa.

"Ó tó. Dìde fún mi, ìbàdí ń ro mí."

Ó dìde. Ẹ̀gbọ́n gbé ọ̀pá ti ògiri, ó kọ ẹ̀yìn sí àga náà, ó sì fi gbogbo ara lé e. Ó fẹ̀yìn tì, ó mí kanlẹ̀.

"O ti fẹ́ máa lọ, àbí? Iṣẹ́ ń dúró."

Ara-ò-balẹ̀ wo ẹnu ọ̀nà, ó wo ògiri dúdú yẹn. Ó wá fa àga oníike sún mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì jókòó.