Etí Òsì Ẹ̀gbọ́n Mi

Tíṣà tó kọ́ wa ní Gẹ̀ẹ́sì ní ilé ẹ̀kọ́ wa lẹ́bàá Ilare kì í fi ọwọ́ ara rẹ̀ na ọmọ bí kò bá nídìí. Àwa la máa ń na ara wa. Yóò béèrè ìbéèrè, gbogbo ẹni tó bá kùnà yóò dìde dúró, ẹni tó bá sì mọ̀ ọ́n yóò máa gbá wọn létí lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń pa ẹ̀fọn. Bí o bá rọra gbá ọ̀rẹ́ rẹ, tíṣà yóò fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ tìrẹ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbá a. Mo mọ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, nítorí náà ọwọ́ mi kì í dilẹ̀. N kò ní purọ́, ó máa ń dùn mọ́ mi.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi ọdún méjì jù mí lọ, ṣùgbọ́n ó ń tún kíláàsì kà, mo sì bá a ní JS3. Bàbá wa ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kò sì tún un sọ: bí ó bá tún fìdí rẹmi nínú Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún yẹn, ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìránṣọ ló ń lọ. Nọ́ọ̀sì ló sì fẹ́ ṣe. Bí adìẹ bá ń tiro nílé wa ní Òkèrèwè, òun ló máa ń fi àkísà di ẹsẹ̀ rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, mo da omi tó pọn sílẹ̀, ló bá fi ọmọrogùn là mí lẹ́yìn. Kò sí ohun tí mo lè ṣe. Ẹ̀gbọ́n ni, "ẹ̀yin" ni mò ń pè é, bí àbúrò bá sì gbọ́wọ́ sókè sí ẹ̀gbọ́n nílé wa, ìyá wa nìkan kọ́ ni yóò nà án, gbogbo agboolé ni. Mo gbé ìbínú mi dé ilé ẹ̀kọ́ bí ẹni gbé oúnjẹ ọ̀sán.

Tíṣà kọ ọ́ sójú pátákó pé: "The women ... yams at Enuwa." Ó ní ká mú ọ̀kan nínú "sell" àti "sells". Òun náà ló ti sọ fún wa lọ́sẹ̀ tó ṣáájú pé bí "s" bá wà nídìí ọ̀rọ̀ orúkọ, kò gbọdọ̀ sí nídìí ọ̀rọ̀ ìṣe. Bí kò bá sì sí nídìí orúkọ, kó wà nídìí ìṣe. Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó ní "sells" ni, torí òun kò rí "s" kankan nídìí "women". Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ló fi dáhùn. Àwọn mẹ́rin mìíràn náà mú "sells". Nígbà tó kàn mí, mo ní "sell" ni, torí àwọn obìnrin yẹn ju ẹyọ kan lọ. Tíṣà ní kí n máa bọ̀ níwájú.

Mo gbá àwọn mẹ́rin náà, ó ń dún pàà, pàà. Mo dé iwájú ẹ̀gbọ́n mi. Mo kàn fi ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ni. Tíṣà fọ́ mi létí, òòyì kọ́ mi, mo di bẹ́ǹṣì mú. Mo gbá a lẹ́ẹ̀kejì, ó sì dún. Tíṣà ní ó tó, ó yíjú sí pátákó, ó ń kọ̀wé lọ. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí. Ojú tó fi wò mí láàárọ̀ náà ló tún fi wò mí, ojú ẹni tó jù mí lọ. Ibi tó fi ọmọrogùn là lẹ́yìn mi ń ta mí. Mo gbá a lẹ́ẹ̀kẹta. Gbogbo agbára mi ni mo fi gbá a, ẹnikẹ́ni ò sì rán mi.

Ó jókòó, ó fọwọ́ bo etí òsì. Nígbà tó mú ọwọ́ kúrò, omi tó ní ẹ̀jẹ̀ nínú wà lórí ìka rẹ̀. Nígbà tá a délé, ó sọ fún ìyá wa pé tíṣà ni. Mo dúró tì í, mo ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá wa kán àdí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sí i. Bàbá wa ní ọmọ tó bá mọ̀wé, tíṣà kì í nà án. Etí yẹn kú. Ìdánwò dé, ó fìdí rẹmi, wọ́n sì mú un lọ sọ́dọ̀ aránṣọ.

Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a ó fi òsì fà á mọ́ra. Àwọn tó pa òwe yẹn ò sọ ọwọ́ tí àbúrò yóò fi fa ẹ̀gbọ́n mọ́ra. Èmi wọ yunifásítì, mo ka Gẹ̀ẹ́sì, mo wá ń kọ́ àwọn ọmọ tó ń múra ìdánwò nínú yàrá kan ní Ilare. Pàṣán wà lórí tábìlì mi, mo sì ń lò ó. Ẹ̀gbọ́n mi ló rán gbogbo aṣọ tí mo ń wọ̀ lọ síṣẹ́. Bí a bá jókòó, apá ọ̀tún ló máa ń kọ sí mi. Ojú ń tì mí nígbà gbogbo, mo sì ń wọ aṣọ náà.

Lọ́dún yìí ló mú ọmọbìnrin rẹ̀ wá. Ó ní ọmọ náà ò mọ ìgbà tí "s" ń wọlé àti ìgbà tó ń jáde, nọ́ọ̀sì ló sì fẹ́ ṣe. Ó rí pàṣán náà, ó ṣẹ́ ẹ sí méjì, ó kó o sínú báàgì rẹ̀. Mo fẹ́ kúnlẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń gbé kiri látọjọ́ yẹn ti dé ẹnu mi. Ó gbọ́wọ́ lé mi léjìká.

"Tíṣà kọ́ ló ní kó o gbá ẹ̀kẹta," ó wí. "Mo mọ̀. Ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ ti ń dún lójú pátákó nígbà yẹn. Òun letí yìí gbọ́ gbẹ̀yìn."

Ó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kó jókòó síwájú. Ọmọ náà ṣí ìwé, ó ń wò mí. Mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo kọjú sí pátákó, n kò sì jẹ́ kí ṣọ́ọ̀kì náà kan pátákó títí ẹ̀gbọ́n mi fi jáde.