Òrí Lára Ọkọ̀ Bàbá Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé orí mi kò ga kọjá fèrèsé ọkọ̀, bàbá mi ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ dúdú kan wá sí agboolé wa ní Ṣakí. Àlòkù ni. Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín, ẹ̀yin ọmọ mi: ẹni àkọ́kọ́ ti lò ó, ẹni kejì náà sì ti lò ó dáadáa kó tó kàn wá. Ṣùgbọ́n akọ̀wé kóòtù ìbílẹ̀ ni bàbá mi, ó sì ti pinnu pé ọkọ̀ yìí ni yóò ya òun sọ́tọ̀ lára àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ wá bú ara wọn níwájú adájọ́. Tí ọmọdé bá pè é ní ọkọ̀, á ní, "Ọkọ̀ wo? Lọ́rì ni wọ́n ń pè ní ọkọ̀. Káà nìyí."

Ó ra agolo ìda kan bọ̀ láti Ìbàdàn, irú èyí tí wọ́n fi ń kun ara ọkọ̀ kí oòrùn má baà pa ọ̀dà rẹ̀, kí òjò sì máa yọ̀ kúrò lára rẹ̀ bí omi ṣe ń yọ̀ lórí ewé kókò. Ẹni tó tà á fún un ti ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ọ̀dà ọkọ̀ kí ìda tó kàn án, bàbá mi sì há a sórí bí ọmọ kéú ṣe ń há ohun tó wà lára wàláà rẹ̀. Kò sí àlejò tí kò gbọ́ ọ. Ẹ ó fi omi púpọ̀ ṣan eruku kúrò, ẹ ò gbọdọ̀ nù ún ní gbígbẹ. Ẹ ó fi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́. Oje igi tó bá lẹ̀ mọ́ ọn, kẹrosíìnì díẹ̀ ni ẹ ó fi yọ ọ́, ẹ ó sì tún fi ọṣẹ wẹ kẹrosíìnì náà kúrò, nítorí ìda kì í dì mọ́ ohun tó ní òróró. Lẹ́yìn náà ẹ ó fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án wò. Bó bá ṣì ń ha ọwọ́, ẹ padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Tó bá wàásù tán, á ṣí agolo náà kí àlejò gbóòórùn rẹ̀. Àwọn mìíràn á sín. Bàbá mi á ní òórùn ọ̀làjú ni.

Kò fi kun ọkọ̀ náà rí o. Ó ń dúró de ọjọ́ tó yẹ.

Ọjọ́ náà dé nígbà tí wọ́n fẹ́ mú ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ sílé ọkọ ní Ìgbẹ́tì. Àwọn ará ilé ọkọ ní àwọn yóò fi lọ́rì ránṣẹ́ wá gbé ìyàwó àti àwọn tó máa sìn ín. Bàbá mi ní kí wọ́n jókòó: ṣé ọmọ akọ̀wé ni yóò jókòó sórí ẹrù òwú? Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ní ilé wa, àwọn ìyàwó ilé ló ń sin ìyàwó lọ. Bàbá ìyàwó á súre, á wọ yàrá rẹ̀, á sì máa ṣe bí ẹni pé inú òun kò bàjẹ́. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ ọkọ̀ wà ní agboolé wa bí kò ṣe òun, kò sì ní gbé kọ́kọ́rọ́ fún àjèjì. Báyìí ni bàbá ìyàwó ṣe di ẹni tó ń sin ìyàwó.

Ẹ̀gbọ́n mi kò bá a jiyàn. Ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀ ẹ́ fún. "Bàbá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n rí nǹkan sọ sí mi níbẹ̀ o." Ọ̀rọ̀ ńlá ni. Obìnrin tí wọ́n bá fi rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ tó wọlé ọkọ, òun àti ẹ̀rín náà ni yóò jọ máa gbé.

Ọyẹ́ ti mú dé góńgó ní àsìkò náà. Abẹ́ igi máńgòrò ni ọkọ̀ ń sùn: eruku ti bò ó, oje máńgòrò ti kán sí i, àwọn ẹyẹ náà sì ti ṣe tiwọn lé e lórí. Kànga wa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, ẹrẹ̀ ni korobá ń gbé bọ̀. Àárọ̀ ọjọ́ ìyàwó, bàbá mi dúró ti ìkòkò omi tí ìyá mi bò mọ́lẹ̀.

"Bàbá wọn, omi tí a fẹ́ fi wẹ ìyàwó lẹ fẹ́ fi wẹ irin?"

"Irin kọ́. Káà ni."

"Káà náà kò tíì lọ́kọ."

Àwọn ìyàwó ilé bú sẹ́rìn-ín. Bàbá mi bínú jáde, ó mú àkísà gbígbẹ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í nu ọkọ̀ náà. Gbogbo ìwàásù tó ti ń ṣe láti ọ̀pọ̀ oṣù wá, kò rántí ẹyọ kan. Mo ń gbọ́ bí yanrìn ṣe ń ha lábẹ́ àkísà náà, bíi pé ẹnì kan ń họ ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ó wá ṣí agolo ìda. Ìda ti gbẹ. Ó ti sán bí ẹrẹ̀ odò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Òórùn ọ̀làjú ti bá imú àwọn àlejò lọ tán.

Ó dúró. Ó wo apá ara rẹ̀ tó ń dán nítorí òrí tó fi pa á, ó wo ọkọ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé Ṣakí la wà. Kò sí ohun tí a kì í fi òrí ṣe. Ó gbé igbá òrí ìyá mi.

Ìyá mi fi ọwọ́ lé àyà. "Ẹni tó bá wẹ̀ ló ń fi òrí pa ara, Bàbá wọn. Ta ní ń fi òrí pa ìdọ̀tí?"

"Obìnrin yìí, kí lo mọ̀ nípa káà?"

Ó pe gbogbo àwa ọmọdé, a sì fi òrí pa ọkọ̀ náà bí ẹni ń fi í pa ọmọ tuntun lára, lórí oje, lórí eruku, lórí gbogbo rẹ̀. Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́: ó dán. Ó dán débi pé àkùkọ kan rí òjìji ara rẹ̀ lára ilẹ̀kùn, ó sì gbé ìjà kò ó. Àwọn aládùúgbò pàtẹ́wọ́. Bàbá mi wọ agbádá, ó jókòó sídìí ọkọ̀, a sì gbéra. Ẹ̀gbọ́n mi ró òfì sányán ìyá wa, èyí tí wọ́n hun ní Ìṣẹ́yìn nígbà tí ìyá wa fúnra rẹ̀ ń ṣe ìyàwó. Ìyàwó ilé méjì wà lẹ́yìn pẹ̀lú wa. Èmi ni ọmọ tí yóò bá ìyàwó gbé fún ìgbà díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àṣà, nítorí náà itan rẹ̀ ni mo jókòó lé.

Ọ̀nà ilẹ̀ pupa ni gbogbo rẹ̀ nígbà náà. Kí a tó dé Ìgbòho, a ti bọ́ sẹ́yìn lọ́rì kan tó kó òwú. Ohun tí lọ́rì náà bá gbé sókè láti ilẹ̀, ara ọkọ̀ wa ló ń bà lé, kò sì ṣí níbẹ̀ mọ́. Òwú tó bá já bọ́, ó lẹ̀ mọ́ wa. Wọ́n ń sun igbó lápá ọ̀tún, eérú fò wá, òun náà jókòó. Nígbà tí a dúró ní Ìgbòho láti mu omi, ewúrẹ́ méjì wá dúró ti ilẹ̀kùn bàbá mi, wọ́n ń lá a. Bàbá mi lé wọn, wọ́n padà wá. Àwọn ọmọdé ibẹ̀ ti ń sáré tẹ̀ lé wa bí ẹni rí egúngún.

Ní ẹ̀yìn ìlú Ìgbẹ́tì, lẹ́bàá odò kékeré kan tó ti gbẹ, bàbá mi sọ̀ kalẹ̀, ó sì rí ohun tó ń wà. Ó mú àkísà àárọ̀ yẹn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi gbogbo agbára rẹ̀ nù ún. Òrí ti po eruku pọ̀ bí ẹni po èlùbọ́, yanrìn sì wà nínú rẹ̀. Bó ṣe ń fà á lọ ló ń fà á bọ̀, ọ̀dà dúdú náà sì ń ya. Nígbà tó fi ọwọ́ sílẹ̀, ó ti bu àbàjà fún ọkọ̀ náà lẹ́rẹ̀kẹ́ méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n mi sọ̀ kalẹ̀ láti bẹ̀ ẹ́ pé kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lórí òkúta, ó fara ti ọkọ̀. Nígbà tó yípadà, mo rí i: láti èjìká dé ìdí, sányán ìyá wa ti pọ́n.

Báyìí la ṣe wọ agboolé ọkọ rẹ̀. Ìyáálé ilé náà ti dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú abọ́ omi, nítorí ìyàwó kì í kọjá ẹnu ọ̀nà láìjẹ́ pé wọ́n wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wo ọkọ̀. Ó wo ẹ̀gbọ́n mi.

"Ẹ kú ewu ọ̀nà o, àna wa. Omi tó wà lọ́wọ́ mi yìí, ta ni kí n kọ́kọ́ wẹ̀ nínú yín?"

"Ṣé ọkọ̀ nìyẹn?" ni obìnrin kan kígbe láti ẹ̀yìn. "Mo ti rò pé òkìtì ọ̀gán ló ń rìn!"

"Ẹ ò rí òwú lára rẹ̀ ni? Wọ́n fẹ́ rán aṣọ fún un!"

Ká ní bàbá mi rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn ni, ì bá tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gbé agbádá sí èjìká. "Ọ̀nà yín ni kò dára," ló wí. "Ní Ṣakí tiwa, a kì í rí irú eruku báyìí." Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ṣakí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa ẹnu mọ́.

Ẹ̀rín dá. Bàbá ọkọ, àgbàlagbà tó ti ń jókòó jẹ́ẹ́, dìde wá sídìí ọkọ̀, ó fi ìka kàn án, ó gbóòórùn ìka náà. "Àna," ló wí, "ṣé ọ̀nà wa ló fi òrí pa á?"

Ìyáálé wo bàbá mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ abọ́ omi náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí ẹni fẹ́ dà á nù. Ìyẹn ni wọ́n fi ń sọ fún ìyàwó pé kó padà síbi tó ti wá. Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀ sínú eruku pẹ̀lú sányán náà. "Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ forí jì wá. Ọ̀nà yín kò ṣe wá ní nǹkan kan. Àwa la kò wẹ ọkọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da omi yẹn nù."

N kò lè wo bàbá mi. Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Bàtà rẹ̀ nìkan ló mọ́ lára ohun gbogbo tí a gbé wá.

"Dìde, ọmọ mi," ni ìyáálé wí nígbẹ̀yìn. "Ìyàwó kì í kúnlẹ̀ nítorí mọ́tò." Ó wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì gbà á. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn obìnrin ilé ti fún un lórúkọ: Eléruku. Mo gbé ọ̀dọ̀ rẹ̀ títí òjò fi bẹ̀rẹ̀, ojoojúmọ́ ni mo sì ń gbọ́ ọ. Eléruku, gbé omi wá. Eléruku, ọkọ rẹ ń pè ọ́. Á dáhùn pẹ̀lú ẹ̀rín. Èmi ni mo máa ń sá lọ sẹ́yìn ilé nítorí ojú ń tì mí. Sányán náà kò mọ́ mọ́, bí a ti fọ̀ ọ́ tó.

Bàbá mi ta ọkọ̀ náà. Nígbàkigbà tó bá ń lọ wo ẹ̀gbọ́n mi lẹ́yìn èyí, lọ́rì ló ń wọ̀, á sì ní kí wọ́n sọ òun kalẹ̀ lẹ́yìn ìlú, á fi ẹsẹ̀ rìn wọlé nínú oòrùn. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ bẹ́ẹ̀ fún un.

Ayé ti yí padà. Ọyẹ́ tó kọjá, mo jókòó ti àwọn ọ̀dọ́ kan níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọkọ̀ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mi. Ẹ̀rọ ló ń fọ́n omi. Wọ́n ní amọ̀ rírọ̀ kan tí wọ́n ń yí lára ọ̀dà kó lè gbé yanrìn tí ojú kò rí. Wọ́n fi sípírítì nù ún kí òróró má ṣẹ́ kù, wọ́n tan iná wò ó, kí wọ́n tó fi ohun kan tó ń le bíi gíláàsì bò ó. Àwọn ọmọ náà bi mí léèrè ìdí tí mo fi ń wo ilẹ̀. Mo ní oòrùn ni.

Ṣùgbọ́n ohun tó yí padà jù lọ kọ́ nìyẹn. Ká ní òde òní ni irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀, ẹnì kan á ti fi fóònù yà á, bàbá ìyàwó á fúnra rẹ̀ fi í ránṣẹ́ káàkiri, á jó níwájú ọkọ̀ eléruku, wọn á sì máa kí i kú oríire. A ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi nǹkan bo ohun gbogbo kó lè dán. Omi ni kì í dúró lára ọkọ̀ mọ́, ìtìjú ni kì í dúró lára ènìyàn. Bàbá mi gbéra ga, kò ṣeé ṣàwáwí fún, ó sì fi ọmọ rẹ̀ san gbèsè ẹnu ara rẹ̀. Síbẹ̀, ó rin ọ̀nà yẹn títí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fi gbé e mọ́. Ẹ wo àwọn ńlá ńlá tó ń kọjá níwájú yín nínú ọkọ̀ dídán wọn, kí ẹ fi ọ̀kan hàn mí tó lè sọ̀ kalẹ̀ rìn.