Irin Tí Wọ́n Yọ Lẹ́bàá Omi ní Tarrick

Màmá Merle Pascoe kú sínú adágún inú àpáta ní etíkun Tarrick láàárọ̀ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ pé wọ́n wà nínú omi.

Èmi kì í sọ̀rọ̀ láwùjọ. Ìwé tí mo kà kò pọ̀, kò sì tíì pé ọdún kan tí mo fẹ́ Lachie, tí mo tẹ̀ lé e wá síbí láti ìlú àwọn olóko àgùntàn. Mo rò pé ẹlòmíì á kọ ọ̀rọ̀ yìí. Mo dúró títí. Ó ti sú mi.

Màmá, arúgbó aládùúgbò wa, ló kọ́ mi ní ìlúwẹ̀ẹ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, orí àtẹ̀gùn ni mo dúró sí, mò ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ kan omi.

"Ìyàwó, ṣé o fẹ́ wọlé ni, àbí o kàn wá kí omi?"

"Ó tutù, mà."

"Ọkọ ẹ náà sunkún níbẹ̀ yẹn nígbà tó wà ní kékeré. Di irin mú, kó o máa bọ̀."

Irin ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Òun la máa ń dì mú tá a bá ń sọ̀ kalẹ̀, òun náà la máa ń fi táwẹ̀lì kọ́. Ẹni tó bá fẹ́ lọ sílé á kọ́kọ́ wo irin. Tí táwẹ̀lì kan bá ṣẹ́ kù níbẹ̀, kò gbọdọ̀ lọ. Bí àwọn ará Tarrick ṣe ń ṣọ́ ara wọn nìyẹn, láti ìgbà tó jẹ́ pé apẹja ló ń gbé ilé gbogbo, kí àwọn ará ìlú ńlá tó wá ra àwọn ilé náà, tí wọ́n wó wọn, tí wọ́n kọ́ ilé onígíláàsì tí wọn kì í sùn sí àfi nígbà Kérésì.

Nígbà tí òtútù bẹ̀rẹ̀, kánsù ìjọba ìbílẹ̀ yọ irin náà. Wọ́n ní ó ti dípẹtà. Pátákó ni wọ́n gbé síbẹ̀: Ẹ rọra, ilẹ̀ ń yọ̀. Ẹ kúu làálàá. Ṣé pátákó ni arúgbó á dì mú? Láàárín àkókò kan náà, wọ́n ṣe ọ̀nà onípákó tuntun síwájú àwọn ilé onígíláàsì, tiná tiná. Ẹ̀yin èèyàn mi, irin ìdìmú wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kò sẹ́ni tó ń dì í mú.

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, nígbà tí kò sí irin tí wọ́n lè fi táwẹ̀lì kọ́ mọ́, màmá fi í sínú àpò, kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ. Màmá ń lúwẹ̀ẹ́ lẹ́yìn àpáta ńlá, níbi tójú ò ti lè tó wọn. Bàbá Clarrie, tí òun àti màmá jọ máa ń lúwẹ̀ẹ́, ló jáde ṣáájú.

"Ibi tí irin wà tẹ́lẹ̀ ni mo wò," ni bàbá sọ fún mi. Tíì wọn ti tutù lọ́wọ́ wọn. "Ó ti mọ́ mi lára. Mi ò rí táwẹ̀lì, mo rò pé wọ́n ti lọ sílé. Mo bá lọ."

Nígbà tí màmá ń jáde bọ̀, ẹsẹ̀ wọn yọ̀. Kò sí irin, kò sí èèyàn.

Ẹ má bi Bàbá Clarrie ní nǹkan kan. Ọ̀gbẹ́ni Venning ti kánsù ni kẹ́ ẹ bi. Níbi ìsìnkú, ó ní àwọn á ṣe bẹ́ńṣì kan tí orúkọ màmá máa wà lára ẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni Venning," Lachie dá a lóhùn, "ṣé àìríbi jókòó ló pa màmá ni?"

"Ẹ ṣe sùúrù. Ọ̀rọ̀ irin ṣì wà níwájú ìgbìmọ̀."

Màmá fúnra wọn ti ṣe sùúrù yẹn. A ò fẹ́ bẹ́ńṣì. Ta ló ní kí wọ́n yọ irin láì tíì ní òmíràn nílẹ̀? Kó jáde wá, kó dárúkọ ara rẹ̀, kó sì sọ ọjọ́ tí irin máa padà.

Ọmọ màmá ti fún mi ní táwẹ̀lì wọn, aláwọ̀ búlúù tó ti ṣá. Tí kánsù bá tún ṣèpàdé, màá wá, bójú tilẹ̀ ń tì mí. Ẹ̀yìn àga Ọ̀gbẹ́ni Venning ni màá fi í kọ́. Gbogbo ará Tarrick ló mọ ohun tó túmọ̀ sí: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lọ sílé.