Ọjọ́ tí Mo Ṣe Ògbufọ̀ ní Ìsàlẹ̀ Òsì

Kì í ṣe pé wọ́n sọ ọ́ fún mi. Ojú mi méjèèjì yìí ló ṣe, etí mi ló gbọ́ ọ, ẹnu mi ló sì bà á jẹ́. Ẹni tó bá ní òun náà wà níbẹ̀, ẹ bi í pé mọ́tò aláwọ̀ wo la gbé lọ.

Mo rántí ọ̀sẹ̀ tí lọ́yà kan fi mí lé òyìnbó tọkọtaya kan lọ́wọ́. Ọmọ ni wọ́n wá gbà, ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́ta. Ìyá ọmọ ti kú, bàbá kò yọjú rí. Ìyá àgbà tó bí ìyá rẹ̀ tọ́ ọ títí ojú fi di bàìbàì, ló bá gbé e lọ sí ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí. Kóòtù ti parí tirẹ̀. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ìyàwó òyìnbó wá ní òun fẹ́ rí ìlú tí wọ́n bí ọmọ òun sí, kí òun lè máa sọ ọ́ fún un bó bá dàgbà. Wọ́n ń wá awakọ̀ tó mọ Ìbàdàn. Ta ni wọn ì bá pè bí kò ṣe èmi? Ìwé karùn-ún ni mo ti dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí kọ̀rọ̀ kan láti Bẹẹrẹ dé Bẹ́yẹrúnkà tí mi ò mọ̀, gẹ̀ẹ́sì sì ń yọ̀ lẹ́nu mi bí ilá.

Mo gbé wọn gun Òkè Mápó. Obìnrin náà dúró, ó ń wo àwọn páànù tó ti dípẹtà títí dé ibi tí ojú mọ. Mo rò pé ó ń kẹ́gàn wa, mo ti ń múra láti sọ fún un pé ilé alájà pọ̀ níbòmíràn. Àṣé ó ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi ròyìn rẹ̀ fún ọmọ ni. Ó ní ìwé kékeré kan tó ń kọ ọ́ sí. Ní Ọjà'ba, ó ra ọṣẹ dúdú, ó gbóòórùn rẹ̀, ó tún kọ ìyẹn náà. Ọkọ rẹ̀ gbé ọmọ kọ́ ọrùn. Obìnrin tó ta ọṣẹ ní, “Bàbá òyìnbó, ẹ rọra o. Ẹ̀yìn là ń pọnmọ sí níbí, kì í ṣe ọrùn.” Ó tú ọ̀já tirẹ̀, ó fi pọn ọmọ náà sẹ́yìn ìyàwó. Ọmọ náà sùn lọ lójú ẹsẹ̀.

Báyìí la ṣe wọ agboolé àwọn ìyá ọmọ náà ní Ìsàlẹ̀ Òsì. Ìyá àgbà jókòó sórí ẹní ní ọ̀ọ̀dẹ̀, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n gbé ọmọ fún un, ó fọwọ́ pa á lórí, ó pa á létí, ó di àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Ìyàwó òyìnbó mú fóònù jáde. Ó ní kí n sọ fún Màmá pé gbogbo ohun tó bá fẹ́ kí ọmọ náà mọ̀, kó sọ ọ́, òun á gbà á sílẹ̀. Mo túmọ̀ rẹ̀ láìku ẹyọ kan.

Àgbà ìyàwó ilé kan tó ń fọṣọ lágbàlá ní, “Awakọ̀, gẹ̀ẹ́sì tí ò ń sọ yìí, ṣé òyìnbó ń gbọ́ ọ ṣá?”

“Ẹ bi wọ́n léèrè ẹni tó kọ́ wọn,” ni mo fi dá a lóhùn. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín.

Ìyá àgbà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ọmọ mi, ìgbà wo ni wọn á mú un wá kí mi?”

Ó yẹ kí n bi àwọn tó ni ọ̀rọ̀. Mi ò bi wọ́n. Ṣé ohun tí mi ò mọ̀ nìyẹn? Bíríkìlà kan ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú ló tọ́ èmi alára dàgbà. Gbogbo Iléyá ni mò ń wọ aṣọ tuntun lọ sọ́dọ̀ bàbá mi. Ojú mẹ́rin ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Alágbàtọ́ kì í gba ọmọ mọ́ ẹni tó bí i lọ́wọ́.

Mo ní, “Iléyá ni, Ìyá. Ọdọọdún.”

“Ó dá ọ lójú?”

“Ìyá, ṣé mo jọ ẹni tí kò mọ ohun tó ń sọ ni?”

Ìyá àgbà tújú ká. Ó ní, “Kí ni mo wá ń bá fóònù sọ sí? Ẹ jẹ́ kó gbọ́n díẹ̀. Bó bá dé, màá gbé e ka itan, màá kì í. Màá sọ bí wọ́n ṣe bí i fún un, àti ọ̀rọ̀ tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ dè é. Màá fi ojú oórì ìyá rẹ̀ hàn án.” Mo yíjú sí òyìnbó, mo ní Màmá ní ó di ọjọ́ mìíràn. Obìnrin náà wò mí títí, ó rọra dá fóònù padà sínú báàgì.

Ọjọ́ tí mò ń gbé wọn lọ wọ ọkọ̀ òfuurufú ni mo sọ fún ọkọ pé ó di Iléyá. Ó ní kí ni Iléyá. Mo ṣàlàyé. Ó ní ìwé tí àwọn gbà kì í ṣe ti àgbàtọ́. Ọmọ ti di tàwọn pátápátá, ọ̀nà sì jìn, àwọn ò mọ ìgbà tí àwọn tún lè wá.

Ǹ bá padà lọ bá ìyá àgbà náà lọ́jọ́ kejì, torí fóònù tèmi náà ń gbohùn sílẹ̀. Mi ò lọ. Ojú wo ni mo fẹ́ fi wí pé èmi ò mọ̀? Bí mo bá ti dé Oríta-mẹ́rin tó lọ sí Ìsàlẹ̀ Òsì, ọ̀nà mìíràn ni mò ń gbà. Àìmọ̀kan ló mú mi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ìgbéraga ló pa mí lẹ́nu mọ́ lẹ́yìn náà.

Ọmọ náà ti pé ọdún mẹ́wàá báyìí. Ìyá tó gbà á fi ohùn ránṣẹ́ sí mi láìpẹ́ yìí: ọmọ ń béèrè ìyá tó bí i. Mo wá lọ sí Ìsàlẹ̀ Òsì. Àgbà ìyàwó tó fọṣọ lọ́jọ́ náà ló gbà mí lálejò. Ó ní ìyá àgbà retí lọ́dún kìíní, ó retí lọ́dún kejì, ó bu ẹran ọmọ sọ́tọ̀ lọ́dún kẹta. Kò rí ìkẹrin. Mo béèrè oríkì ọmọ. Ó ní, “Ìyá nìkan ló mọ̀ ọ́n. Gbogbo ìgbà tá a bá bi í, ọmọ náà ló ní òun máa sọ fún.” Mo béèrè oórì ìyá ọmọ. Wọ́n ti kọ́ ṣọ́ọ̀bù sórí ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, kò sẹ́ni tó dá ojú ibẹ̀ mọ̀ mọ́.

Mo jókòó sínú mọ́tò, mo fi ohùn ránṣẹ́ padà. Mo sọ fún ìyàwó òyìnbó náà ohun tí mo ṣe, mo sì ka ohun tó sọnù fún un: oríkì ọmọ, ìtàn ọjọ́ ìbí rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ dè é, ojú oórì ìyá rẹ̀, àti Iléyá mẹ́ta.