Herlinda Inú Gíláàsì

Bí ẹ bá wọ ilé oúnjẹ wa ní McAllen, létí odò tó pààlà Amẹ́ríkà àti Mẹ́síkò, Herlinda lẹ máa kọ́kọ́ rí, nínú yàrá gíláàsì lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Ibẹ̀ ló ti ń fi igi yí ìyẹ̀fun pẹlẹbẹ, tó ń yan án di tọtíyà lórí irin gbígbóná, tí àwọn oníbàárà ń wò ó bí ẹni ń wo adìẹ inú àgò. Ọmọdé tó bá tẹ imú mọ́ gíláàsì, á bu ìyẹ̀fun pípò díẹ̀ fún un kó fi ṣeré. Gbogbo ẹ̀ka ilé oúnjẹ wa, Los Tres Huizaches, ló ní irú yàrá yìí, Herlinda ló sì kọ́ gbogbo àwọn tó ń yan tọtíyà níbẹ̀.

Èmi Odilia, agbóúnjẹ ni mí, ẹnu mi kì í sinmi. Òun kì í sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ilé wa kọjú síra, mo mọ ohun tí ẹlòmíì ò mọ̀: Herlinda ò ní pépà ìgbélùú. Bó bá sọdá odò padà sí Reynosa ní Mẹ́síkò, kò lè wọlé mọ́. Bó bá gba òkè lọ sínú Amẹ́ríkà, àwọn ẹ̀ṣọ́ wà ní Falfurrias tó ń dá mọ́tò dúró, tí wọ́n ń bi èèyàn pé ọmọ ibo ni. Iwájú ò ṣeé lọ, ẹ̀yìn ò ṣeé padà sí. Maribel ọmọ rẹ̀ wá lọ́kọ sí San Antonio, lẹ́yìn Falfurrias, ó bí Adán. Ọkàn ọmọ náà ò lágbára, dókítà ò jẹ́ kí wọ́n gbé e rìn jìnnà. Adán ti ń rákòrò, ìyá àgbà ò tíì fojú kàn án. Kó ṣáà gbé ọmọ yẹn mọ́ra, ohun tó ń wá láyé nìyẹn.

Wọ́n wá fẹ́ ṣí ẹ̀ka tuntun. Ibo ni? San Antonio. Ọ̀gá Rogelio, tí wọ́n ti bí bàbá bàbá rẹ̀ síbí, tó ń gba Falfurrias kọjá bí ẹni ń gba pálọ̀ rẹ̀ kọjá, dé sẹ́nu gíláàsì.

“Màmá, ẹ palẹ̀ ẹrù mọ́. Lọ́jọ́bọ̀ ni mo ń gbé yín lọ kọ́ àwọn tuntun.”

“Orúnkún ń dùn mí, ọ̀gá.”

“Ṣé ẹsẹ̀ lẹ fẹ́ fi rìn ni? Ọmọ ọmọ yín wà níbẹ̀, ẹ ní ẹ ò lọ. Irú ìyá àgbà wo nìyí?”

Inú bí mi débi pé díẹ̀ ló kù kí n da ẹ̀wà gbígbóná sí i lára. Ẹni tó yó ò mọ̀ pé ebi ń pa ẹnìkan. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, Herlinda wò mí, mo panu mọ́.

Ó bá mi lẹ́yìnkùlé lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

“Bí wọ́n bá mú mi, ọ̀hún ni wọ́n máa tì mí sọdá sí, Odilia. Mi ò ní rí Adán, mi ò ní rí ilé mi mọ́.”

“Ẹ má lọ, Màmá.”

“Mo ti mọ̀ pé mi ò lọ. Mo kàn fẹ́ sọ ọ́ síta ni.”

Ọ̀gá ní bí Màmá ò bá lọ, ojú wọn á lọ. Ó ní kí wọ́n ya Herlinda tòun tìyẹ̀fun lọ́wọ́, wọ́n fẹ àwòrán náà tó èèyàn ní gíga, wọ́n kó o pẹ̀lú àga àti ìkòkò sínú ọkọ̀ ẹrù. Èmi ni wọ́n mú tẹ̀ lé e. Ní Falfurrias, ẹ̀ṣọ́ kan ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀, ó wo àwòrán náà, ó ní, “Ìyá yín mà rẹwà o,” ó ní ká máa lọ. Mo rẹ́rìn-ín fún un. Nígbà tá a kọjá tán, mo sunkún.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí ẹ̀ka náà, Maribel gbé Adán wá. Mo pe Herlinda lórí fóònù, a jọ ń wo ara wa, òun náà wà nínú gíláàsì tiẹ̀ ní McAllen. Wọ́n ti lẹ àwòrán mọ́ gíláàsì tuntun. Adán fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbá àwòrán náà lẹ́rẹ̀kẹ́.

“Ṣé ó ń sunkún?”

“Rárá, Màmá. Ó ń rẹ́rìn-ín.”

Ó wá ní, “Bu ìyẹ̀fun díẹ̀ fún un.”

Mo bu ú fún un. Mo gbé fóònù sún mọ́ ọn, Adán ò tiẹ̀ wò ó. Àwòrán ló kọjú sí, ó na ìyẹ̀fun náà sí i lẹ́nu. Nínú fóònù, Herlinda lanu.